Ojú Kì í Pọ́n Ẹdun Kó Dẹni Ilẹ̀

Ojú kì í pọ́n ẹdun kó dẹni ilẹ̀. Ìṣẹ́ kì í ṣẹ́ igún kó di ojúgbà adìẹ. Orí igi ni ẹdun ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn sí. Bí èso bá wọ́n, ebi lè pa á, ṣùgbọ́n kò ní tìtorí ebi sọ̀kalẹ̀ wá máa bá ewúrẹ́ ṣa èèpo jẹ. Àwọn àgbà kò sọ pé ojú kì í pọ́n ẹdun rárá o. Ó ń pọ́n ọn, àmọ́ kò ní torí ẹ̀ di ẹlòmíì.

Bí mo bá gbọ́ òwe yìí, Cicely Tyson ló ń wá sí mi lọ́kàn, òṣèré adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní New York lọ́dún 1924. Erékùṣù Nevis ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Nígbà tó kọ́kọ́ mú eré ṣíṣe níṣẹ́, ìyá rẹ̀, ẹlẹ́sìn paraku, lé e jáde nílé.

Ní 1972, ó ṣe Rebecca nínú fíìmù Sounder, ìyàwó àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ipa náà mú kí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù. Níbi tí wọ́n ti ń polówó fíìmù náà, akọ̀ròyìn aláwọ̀ funfun kan sọ pé ara òun kò gbà á bí ọmọ inú fíìmù náà ṣe ń pe bàbá rẹ̀ ní Dádì, nítorí bí ọmọ tòun náà ṣe ń pe òun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tyson lákínyẹmí ara. Lọ́dún náà ló sọ fún ìwé ìròyìn kan pé òun kò ní ṣe aṣẹ́wó, ajoògùnyó tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò ní ìwà kankan nínú mọ́, kódà bí ebi yóò bá tún padà wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi òwe náà lò, tí wọ́n ń fi í gbéraga. Tálákà ni Rebecca. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Jane Pittman, ẹni inú ìtàn tí Tyson ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1974 láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dé ẹni 110 ọdún, tó sì fi gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n, méjì. Ní 2011 ó tún ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú fíìmù The Help. Kì í sá fún àkísà. Ẹni tí wọn kò fún ní ọkàn, tí wọn kò fún ní ẹbí, ni kò gbà láti ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá ipa, ẹ ka ìwé eré náà dáadáa kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó. Kí ni ẹni yìí fẹ́? Ta ló ń retí rẹ̀ nílé? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ ní kí òǹkọ̀wé wá a. N kò ní tàn yín, kíkọ̀ máa ń náni lówó: àwọn ìgbà pípẹ́ wà tí Tyson kò ríṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kúrò lórí ìtàgé Broadway ní New York kó tó padà síbẹ̀ ní 2013. Ẹni ọdún 88 ni nígbà tó gba Tony, àmì ẹ̀yẹ eré orí ìtàgé, níbẹ̀. Ní 2018, òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní Oscar ìdánilọ́lá. Títí di 2020, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ó ṣì ń ṣe ìyá fún ẹni tí òṣèré Viola Davis ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n.