Ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́ Rélùwéè

(Ọjà Kàbbà. Ìyá Alákàrà ń din àkàrà. Àjẹ́ńtì tó ń ta ilẹ̀ tẹ́ ìwé sọ́fè sílẹ̀. Baba Rélùwéè, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, jókòó sítòsí, ó ń gbóòórùn.)

ÀJẸ́ŃTÌ: Ìyá, ilẹ̀ Bárò nìyí, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè gan-an!

ÌYÁ: Bárò? Ṣé ilẹ̀ Ọbaro, ọba Kàbbà wa, ni?

ÀJẸ́ŃTÌ: Rárá o, òdìkejì Odò Ọya ni. Ẹ bi Baba, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n. Ẹ fún wọn lákàrà, èmi ni n ó sanwó!

BABA: (ó ti mú méjì) Òótọ́ ni. Lọ́dún 1907, Girouard, gómìnà òyìnbó ọmọ Kánádà, ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè Àríwá láti Bárò. Ọkọ̀ ojú omi á já ẹrù síbẹ̀, tọkọ̀ ojú irin á gbé e. Nígbà tó di 1911, irin ti wọ Kánò!

ÀJẸ́ŃTÌ: Ìyá, ẹ gbọ́ bí? Ẹ fún Baba sí i!

BABA: (ẹnu rẹ̀ kún) Àmọ́ rélùwéè Èkó náà ń bọ̀. Àwọn méjèèjì pàdé ní Mínnà. Ìyá, ká ní ẹ̀pà Kánò ni yín, ṣé ẹ máa yà sí Bárò lọ retí ọkọ̀ ojú omi, àbí ẹ máa bá tìrẹ́nì lọ Èkó tààrà?

ÌYÁ: Kí ni mo fẹ́ máa retí? Odò tó ń fà lẹ́ẹ̀rùn!

BABA: Ẹ ti sọ ọ́ tán. Nígbà tí wọ́n wá parí afárá Jẹ́bà, tí tìrẹ́nì ń gbà kọjá Odò Ọya, ní 1916, ta ló tún rántí Bárò?

ÌYÁ: Baba, ṣé ojú yín ló ṣe ni?

BABA: Tèmi? Ọ̀fà ni mo ti já tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀gá wa ló máa ń sọ ọ́, tí tìrẹ́nì bá ti pẹ́. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ dáadáa, torí tìrẹ́nì kì í pẹ́ níwọ̀nba.

ÀJẸ́ŃTÌ: (ó ń làágùn) Èbúté tuntun ti Bárò ńkọ́? Ṣebí Buhari ṣí i ní 2019!

BABA: Ó ṣí i. Ọ̀nà tí tírélà máa gbà débẹ̀ dà?

ÀJẸ́ŃTÌ: Ó ń bọ̀.

BABA: Láti Mínnà ni, àbí láti Èkó?

(Àjẹ́ńtì dìde wẹ́rẹ́. Ìyá di ẹ̀wù rẹ̀ mú.)

ÌYÁ: Owó àkàrà Baba!

ÀJẸ́ŃTÌ: Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ kó o wá nílé.

(Ìyá gba ìwé sọ́fè, ó fà á ya, ó ń fi í di àkàrà fún oníbàárà.)

BABA: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, apá tí wọ́n ya rélùwéè sí ni kẹ́ ẹ fi di tèmi.