Fíìmù tí mo rẹ́ǹtì kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú 22

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi kẹ́ ẹ bá mi dá a.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rẹ́ǹtì fíìmù kan sórí fóònù mi. ₦1,500 ni mo san. Ìkómọ ni mo ń lọ ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ ojú irin ni mo sì fẹ́ wọ̀ láti Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ yẹn rí mọ̀ pé ó ń lọ sí bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó gúnlẹ̀ sí Alágoméjì l'Ékòó. Fíìmù kan gééré nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wá, ó máa ń lọ lójú ọ̀nà yẹn, nítorí náà mo jí lóru, nígbà tí dátà pọ́ọ́kú, mo dáńlóòdù fíìmù mi pátá. Inú mi ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo wá ṣe àṣìṣe. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò, kí n mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ń jáde dáadáa. Kò ju ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mumi lọ, mo pa á, mo lọ sùn. Mi ò mọ̀ pé mo ti ṣí aago sílẹ̀ nìyẹn. Òfin rẹ́ǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tó pọ̀ jù lọ, bó ṣe rí nìyí: o ní 30 ọjọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù rẹ, bó o bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, wákàtí 48 ló kù. Kì í sì í ṣe wákàtí tó o fi jókòó wò ó ni wọ́n ń kà o. Wákàtí orí ògiri ni. Oorun rẹ wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀, màmá kan jókòó tì mí. A ò tíì kọjá Òmì-Àdìó tí wọ́n ti ń yọjú sí fóònù mi.

"Ọmọ mi, kí lò ń wò yẹn?"

Mo ní fíìmù ni, Màmá.

"Ṣé Yorùbá ni?"

Mo ní àwọn ará ibí ló ṣe é, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ.

"Kò burú. Ìwọ máa túmọ̀ ẹ̀ fún mi."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo yọ gbohùn-gbohùn etí kan fún wọn. Bí àwọn inú fíìmù bá ti sọ̀rọ̀ méjì, màá dá a dúró, màá túmọ̀, Màmá á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ọkùnrin yẹn ò da, a ó tún tẹ̀ síwájú. Kí n má parọ́, mo gbádùn ẹ̀ ju kí n dá wò ó lọ. Ṣùgbọ́n a dé Agége, níbi tí Màmá ti máa sọ̀, ó ṣì ku ìṣẹ́jú 22. Bátìrì mi ti fẹ́ẹ̀ tán, mo sì ní láti pe ẹni tó ń bọ̀ wá gbé mi. Mo pa á. Mo ní ó ku ọ̀la.

Ọ̀la dé, ìkómọ ti gba gbogbo ara mi. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo padà dé Ìbàdàn, fóònù ti kú, pawa bánkì ti kú, iná ò sí. Nígbà tí wọ́n fi máa mú iná dé, aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Mo ki fóònù bọ iná, mo ṣí i. Fíìmù ti lọ. Wọ́n ní bí mo bá ṣì fẹ́ wò ó, kí n san ₦1,500 mìíràn. Faili rẹ̀ gan-an ti pa ara rẹ́, èyí ni pé màá tún fi dátà dáńlóòdù ohun tí mo ti dáńlóòdù tẹ́lẹ̀. Dátà wo? Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lé?

Ìgbà yẹn ni mo rántí Ìyá Fídíò.

Àwọn tá a jọ dàgbà ní Mọ́kọ́lá ní nǹkan bí ọdún 1995 á mọ irú obìnrin tí mò ń sọ, torí kò sí àdúgbò tí kò ní tiẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré, kásẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ìwé ńlá eléèpo líle kan lórí tábìlì. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ, wọ́n á kọ orúkọ fíìmù, wọ́n á gba náírà 20, wọ́n á na ìka: "Ọ̀la, aago mẹ́fà o!" Bó o bá pẹ́, o máa sanwó lé e. Bó o bá dá kásẹ́ẹ̀tì padà láìyí i sí ìbẹ̀rẹ̀, èébú tó o máa jẹ á tó ẹ délé. Bí fídíò yín bá lọ jẹ kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ìyẹn dẹjọ́ ìyá àti bàbá.

Àmọ́ bí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ tá a gbé e, màmá mi á rán mi lọ láàárọ̀: ẹ jọ̀ọ́ mà, a ò rí i wò. Ìyá Fídíò kì í bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n á fa ìlà pa ọjọ́ tó wà nínú ìwé, wọ́n á kọ òmíràn. Wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni. Tírańsífọ́mà kan náà ló ń fún àwa àti wọn níná. Òkùnkùn tá a wà nínú ẹ̀ lánàá, àwọn náà wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó ṣe aago wákàtí 48 yìí ò sí lórí tírańsífọ́mà wa. Gbogbo ẹjọ́ tí mo ní kò ju ìyẹn lọ.

Aago ọ̀hún tiẹ̀ ti le ju báyìí lọ rí. Ní oṣù Kìíní 2008 tí Steve Jobs, ọ̀gá Apple nígbà yẹn, kéde ní San Francisco pé èèyàn á lè rẹ́ǹtì fíìmù láti iTunes, ilé ìtajà wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì wò ó lórí kọ̀ǹpútà, lórí iPod àti lórí iPhone, dọ́là 2.99 ni ti fíìmù tó ti pẹ́, 3.99 ni ti tuntun, ṣùgbọ́n wákàtí 24 péré ni wọ́n fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti wò ó tán. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́, tí ọmọ ń ké, tó sì pa á, ó gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì tó lù, ìgbà tí onítọ̀hún á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹun lọ́wọ́. Àwọn tí iná kì í lọ fún gan-an ráhùn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di 48. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òfin Mósè. Àwọn tó ní fíìmù àti àwọn tó ń tà á ló jókòó, wọ́n mú nọ́ńbà kan. Wọ́n ti yí i padà lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í ló ń bí mi nínú. Fíìmù tá a dáńlóòdù, títì ni wọ́n tì í pa. Inú kọ́kọ́rọ́ ni aago wà, bí àkókò bá sì pé, kọ́kọ́rọ́ á kú, ohun tó wà lórí fóònù á di ẹrù lásán. Ó ní ìdí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìtàn Bàbá Sàlá. Ní 1982 tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá fúnra ẹ̀, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá kì í tà á fún ẹnikẹ́ni gbé relé. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé e káàkiri, láti gbọ̀ngàn ìlú kan sí òmíràn, ẹni tó bá fẹ́ wò ó á san owó ẹnu ọ̀nà. Àwọn olè ṣe ti Bàbá Sàlá sí kásẹ́ẹ̀tì, ìgboro kún fún un, gbèsè sì gorí aláwàdà tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rántí ìyẹn ò ní bá olówó fíìmù jà pé ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ti aago ni mò ń bá a fà.

Àbúrò mi ní ṣebí bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀, ti rẹ́ǹtì àti ti rírà, kí ló dé tí mi ò kúkú rà á? Ó tiẹ̀ pòwe fún mi: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó; rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Mo ní òwe yẹn dáa, ṣùgbọ́n ṣé ohun ẹni ni? Ní 2022, àwọn ará Jámánì àti Austria tó fowó ara wọn ra fíìmù ilé-iṣẹ́ Studiocanal nínú ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti PlayStation, ẹ̀rọ géèmù Sony, gbọ́ pé láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, wọn ò ní rí i mọ́, torí ọ̀rọ̀ àdéhùn láàárín àwọn ilé-iṣẹ́. Wọ́n ti rà á o! Ọ̀rọ̀ irú èyí dun ìpínlẹ̀ California tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, pé ẹni tó bá ń tajà báyìí ò gbọ́dọ̀ kàn kọ "rà á" sára bọ́tìnnì, àfi kó là á mọ́lẹ̀ pé ìyọ̀ǹda ìlò ni oníbàárà ń gbà. Èmi gba ti rẹ́ǹtì jù. Ó kéré tán, ó sọ ojú abẹ níkòó pé kì í ṣe tèmi. Èyí tí wọ́n ń pè ní rírà, rẹ́ǹtì tí wọn ò dá ọjọ́ fún ni, owó rẹ̀ sì ga ju ti rẹ́ǹtì lọ.

Kí ni mo wá fẹ́? Kí wọ́n ka wákàtí tí fíìmù fi ń ṣiṣẹ́. Bí fíìmù bá gùn tó wákàtí méjì, ẹ fún mi ní mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín 30 ọjọ́ yẹn, kí n wò ó bó ṣe wù mí, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́tùnla. Fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú tí mo dá fíìmù dúró sí, tó sì máa ń rántí ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n kà. Bó bá sì nira, kí wọ́n fi àforíjì ẹ̀ẹ̀kan péré síbẹ̀, bíi ti Ìyá Fídíò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé YouTube wà níbẹ̀, fíìmù Yorùbá ń jáde lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Èmi náà ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyálé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu sọ ẹni tó ni oyún ni wọ́n máa ń polówó ọṣẹ fún mi. Nǹkan kan tún ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta HD, ìyẹn èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere jù, fún yín bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi wò ó. Netflix fúnra wọn sọ pé HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, èyí tó rẹlẹ̀ sí i ò ju nǹkan bí 1GB lọ, ojú ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lórí gíláàsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá.

Ní tèmi, mi ò tíì san ₦1,500 kejì. Owó náà kọ́, ìbínú ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kí Màmá tó sọ̀ ní Agége, wọ́n gba nọ́ńbà mi, wọ́n ní kí n sọ fún àwọn bóyá obìnrin yẹn padà kó jáde nílé ọkùnrin náà. Wọ́n ti pè lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Mi ò tíì gbé e.