Ẹ Fi Ẹranko Igbó Lọ́rùn Sílẹ̀!

Wọ́n tún ti dé! Mo tún rí fídíò ẹnìkan tó ń rìn lọ bá ẹfọ̀n nínú ọgbà igbó orílẹ̀-èdè, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Nítorí fọ́tò! Ṣé ewúrẹ́ ilé ni wọ́n pe ẹfọ̀n?

Ní Yellowstone, ọgbà igbó orílẹ̀-èdè kan ní Amẹ́ríkà, òfin ò lọ́jú pọ̀ rárá: ẹ fi mítà 23 jìnnà sí ẹfọ̀n, mítà 91 sí béárì àti ìkookò. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ó kù kí wọ́n kọ ọ́ sójú ọ̀run. Ta ló ń kà á? Eré ẹfọ̀n tó ìlọ́po mẹ́ta eré ènìyàn. Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi sá?

Ti ọdún 2016 ló dùn mí jù. Àwọn àlejò gbé ọmọ ẹfọ̀n sínú ọkọ̀, wọ́n ní òtútù ń mú un. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà gbìyànjú títí kí agbo gbà á padà, agbo kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ ẹranko wá ń tọ ènìyàn àti ọkọ̀ kiri lójú títì, ni wọ́n bá pa á. Wọ́n pa á! Àánú wo nìyẹn?

Ìdọ̀tí ńkọ́? Ike omi, ọ̀rá, èèpo ọsàn! Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, àmọ́ nínú igbó, ẹranko tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ leérú ń tọ̀. Ẹ kó pàǹtírí yín dání lọ sílé, ó ti sú mi!