Dawn Staley kọ́ ló kọ́kọ́ gbà á

Wọ́n ń pín in kiri pé akọ́nimọ̀ọ́gbá Dawn Staley ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ gba ife NCAA (àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì) nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin l'Amẹ́ríkà. Irọ́ ni. Carolyn Peck ti gbà á ní 1999, nígbà tí ikọ̀ rẹ̀, Yunifásítì Purdue, na Yunifásítì Duke 62 sí 45. Ọdún 2017 ni Staley tó gba tirẹ̀ ní Yunifásítì South Carolina.

Staley alára mọ̀. Àwọ̀n tí ikọ̀ tó bá gba ife máa ń gé lẹ́yìn ìdíje, Peck fún un ní díẹ̀ lára ti 1999. Inú pọ́ọ̀sì ló fi í pamọ́ sí nígbà náà. (Ta ni “ẹni àkọ́kọ́” yóò gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?)

Èyí tó jẹ́ ti Staley gan-an nìyí: òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, tọkùnrin tobìnrin, tó gba ife ìpele kìíní (èyí tó ga jù) nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NCAA ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: 2017, 2022, 2024.