Ọjọ́ A Kú Là Ń Dère: Ọ̀rọ̀ Ayrton Senna

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń fà yọ tí iyàn Senna, ọmọ Brazil tó ń wa mọ́tò eré ìje Formula 1, bá ti bẹ̀rẹ̀, pé ikú tó kú ní Imola, pápá eré mọ́tò kan ní Italy, ló sọ ọ́ di òrìṣà, torí òun ló wà níwájú lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1994 nígbà tí mọ́tò Williams ẹ̀ já lọ kọlu ògiri, ọmọ ọdún 34 péré.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ikú nìkan ló ń sọ awakọ̀ di ère, kí ló dé tí ẹnu ò kun Roland Ratzenberger, awakọ̀ Formula 1 bíi tiẹ̀, bẹ́ẹ̀? Imola yẹn náà ló kú sí, ọjọ́ tó ṣáájú gan-an, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mélòó nínú wa ló ń dárúkọ ẹ̀? Ó dùn mí fún un.

Senna ti lórúkọ kó tó kú. Ní Monaco 1984, mọ́tò Toleman tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, òjò ń rọ̀, ipò 13 ló ti gbéra, ó sì ń lé Alain Prost, awakọ̀ ọmọ Faransé tó wà níwájú, bọ̀ kí wọ́n tó dá eré dúró, ló bá ṣe ipò kejì. Ní 1988, Monaco náà ni, òun àti Prost jọ ń wa McLaren kan náà, wọ́n ń wá ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó fi ju sẹ́kọ́ńdù kan lọ yá ju Prost, nínú Formula 1 ìyẹn pọ̀ gan-an! Ìgbà 65 ló gba ipò àkọ́kọ́ níbi ìbẹ̀rẹ̀ eré nínú eré 161, kò sẹ́ni tó kọjá iye yẹn àfi ní 2006.

Ìwà ẹ̀ ni ikú bá a fọ̀ mọ́. Ní Suzuka ní Japan, 1990, kóònà àkọ́kọ́, ó ya mọ́tò lu Prost, àwọn méjèèjì jáde, ife àgbáyé ọdún náà wá di ti Senna, ọdún tó tẹ̀ lé e lòun fúnra ẹ̀ sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹni tó lè pa ara ẹ̀ àti ẹlòmíì lórí ìbínú, ẹ má sọ pé akíkanjú lásán ni.

Ẹ má sì fi tiẹ̀ bo Prost mọ́lẹ̀. Ní 1988 yẹn, póìǹtì 105 ni Prost kó jọ, Senna kó 94, àmọ́ eré 11 tó dáa jù fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan ni òfin ìgbà yẹn ń kà, ìyẹn ni Senna fi gba ife. Prost gba ife mẹ́rin, Senna mẹ́ta, Prost ṣì wà láàyè, ẹ kí i nísinsìnyí.