Èsì ọ̀gá gárèjì lórí 504 kúpè tí wọ́n ní a bà jẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. A rí ohun tí ẹ kọ nípa gárèjì wa, ẹ ṣeun. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa náà, a rí i.

Èmi ọ̀gá gárèjì ni mò ń fèsì fúnra mi. N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, torí ọ̀rọ̀ oníbàárà àti mẹkáníìkì, abẹ́ mọ́tò ló yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń pè mí láti Ẹdẹ àti Ìkìrun pé ṣé lóòótọ́ ni, ẹnìkan tó sì fẹ́ gbé mọ́tò rẹ̀ wá ti yà síbòmíràn. Bí mo bá dákẹ́, tara mi á bá mi dákẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ka ohun tí wọ́n kọ: ẹ̀gbọ́n ní mọ́tò Peugeot 504 àwọn pẹ́ lọ́wọ́ wa láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹjọ, pé iye tí a kọ́kọ́ dá lé iṣẹ́ náà kọ́ la gbà nígbẹ̀yìn, pé mọ́tò ò lágbára mọ́, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta sókè, àti pé "504 takisí nìkan ni wọ́n mọ̀ ní gárèjì yẹn." Wọ́n tún dárúkọ rédíò kan. Ti rédíò, èmi àti ẹ̀gbọ́n á yanjú ẹ̀ lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ takisí yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló dùn mí jù.

Bẹ́ẹ̀ ni, 504 takisí la mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mẹkáníìkì wo ló dàgbà ní Òṣogbo tí kò tú ẹ́ńjìnnì 504 rí? Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, kò sì sí ọ̀nà tó jáde nílùú yìí tí 504 ò fi gbé èrò. Ìjọba gùn ún, ọlọ́jà gùn ún, àwa náà sì jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti tú u palẹ̀ níṣojú ọ̀gá rẹ̀, tó tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì kan ò ṣẹ́kù sílẹ̀, ohun ìyangàn ni fún un. Èébú kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò sọ fún yín pé mọ́tò tí wọ́n gbé wá kì í ṣe èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná. 504 kúpè ni, onílẹ̀kùn méjì, ti 1973. Pininfarina ní Ítálì ló ya bọ́dì rẹ̀, àwọn náà ló sì ń ṣe é. Ọdún 1969 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde, wọ́n sì ṣíwọ́ rẹ̀ ní 1983. Ó kúrú ju salúùnù tí ẹ mọ̀ lọ, ó sì rẹlẹ̀. Mọ́tò tó rẹwà ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ pa gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe tì, wọ́n ń yí i po.

Wàhálà rẹ̀ ni pé nísàlẹ̀, 504 ni. Lókè, kì í ṣe 504 rárá. Bíréékì páàdì, béárìn táyà, kíláàṣì, wọ́tà pọ́ǹpù, gbogbo ìyẹn, ọmọ iṣẹ́ mi lè lọ ra wọ́n kó sì padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Èyí tí kò bá sí ní Òṣogbo, á wà ní Gate n'Íbàdàn. Bí kò bá sí ní Gate, Ládipọ̀ l'Ékòó ò ní ṣàì ní i. Ṣùgbọ́n ẹ mú iná ẹ̀yìn kúpè yẹn, èyí tó dagun gbọọrọ, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ẹ fi han Ládipọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n á bi yín pé mọ́tò wo nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíláàsì iwájú, ìlẹ̀kùn, bọ́ńpà àti gbogbo rọ́bà tó yí wọn ká. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "504 ṣáà ni, páàtì ẹ̀ kún ìgboro", ẹ bi í pé èwo nínú páàtì rẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni wọ́n fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé e wá láti Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ó sì máa ń ya fọ́tò, ìdí nìyẹn tí mo fi lè dárúkọ ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n ti sanwó fún ẹni tó tà á fún wọn kí wọ́n tó pè wá. Inú ọgbà kan ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti jókòó síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n rí ọ̀dà pupa tó ń dán, ojú wọn kò rí nǹkan mìíràn mọ́.

Pánẹ́ẹ̀lì bítà wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú òòfà kékeré kan jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, èyí tí wọ́n yọ lẹ́yìn sípíkà. Ó fi lé ìlẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kan irin tó wà nísàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, níbi tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ kọjá wọlé, òòfà já bọ́. Ó sún un síwájú, ó tún já bọ́. Ló bá fi sukurudírafà gún ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì wọlé títí dé èèkù. Irin ti dógùn-ún tán. Wọ́n ti há ìwé ìròyìn síbẹ̀, wọ́n fi pọ́tì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kun ọ̀dà pupa lé e. Ìwé ìròyìn náà jáde, a rí orí àkọlé rẹ̀ kà. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Olúwa ò."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, iye tí wọ́n ní a kọ́kọ́ dá lé iṣẹ́, a kọ ọ́ kí òòfà tó já bọ́. Wọ́n ti ní ká dá iye lé e lórí fóònù pẹ̀lú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, a sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iye yìí kò kan ohun tí a bá bá nínú bọ́dì. Owó iṣẹ́ tiwa kò fi kọ́bọ̀ kan yí padà lórí ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Irin tí a gé, irin tuntun tí a jó mọ́ ọn àti páàtì tí a fi Yúrò rà ló gbé owó sókè. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí Yúrò ń fi ojú náírà rí.

Ó kan pípẹ́. Láàárín oṣù Kẹrin, òjò ti bẹ̀rẹ̀, rọ́bà tó yí gíláàsì iwájú ká sì ti gbó, ó ń là bí èèpo igi. Omi ń gba ibẹ̀ sọ̀ sórí ilẹ̀ mọ́tò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé àwọn kan wà ní Faransé àti Jámánì tí wọ́n ń ta rọ́bà kúpè, kí n bá wọn bèèrè. Wọ́n ní rárá, àbúrò àwọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun á rà á, á sì dín owó kù. A dúró. Oṣù Karùn-ún kọjá, a ní ṣé ó ti dé, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ìparí oṣù Kẹfà, rọ́bà dé. Ti salúùnù ni. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, gbogbo àsìkò yẹn jẹ́ àsìkò tí "gárèjì ń fi wá ṣeré". Àwọn ọmọ mi fi tàpólì bo mọ́tò náà ní gbogbo àsìkò òjò, wọ́n ń tú u láràárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kó má bàa bu. Kò sí ìyẹn nínú ìwé owó.

Ẹ wá gbọ́ ti agbára mọ́tò. Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, torí àwọn tó ń ra irú mọ́tò yìí ti ń pọ̀ sí i.

504 tí ẹ mọ̀, kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì ló ń lò. Kúpè ti 1973 yìí kò lo kábúrétọ̀. Ìjẹ́kíṣàn ló ń lò, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń fín epo sí ẹ́ńjìnnì, kì í sì í ṣe oníkọ̀ǹpútà bíi ti ìsinsìnyí. Kugelfischer ni wọ́n ń pe pọ́ǹpù rẹ̀, ará Jámánì ni, irú rẹ̀ náà ni BMW 2002 tii lò. Irin lásán ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, pístìn wínníwínní ni, wọ́n rán mọ́ ojú ihò wọn débi pé ìdọ̀tí tí ojú ò rí lè há wọn. Ẹ wá wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí pẹtiróòlù dúró sínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ lábẹ́ igi máńgòrò. Epo yẹn ti dì, ó ti di nǹkan bí oje igi tó ṣù. Bàbá Wáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe fún wa fi imú kan táǹkì lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò ní í fi sítátà ta á, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Òun ló gba pọ́ǹpù náà lọ́wọ́ ìbàjẹ́ pátápátá, n ò rí i kí ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbì kankan.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ọ̀nà méjì ló wà. Ká fi pọ́ǹpù ránṣẹ́ sí Yúróòpù, sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú u tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó gbówó lórí, ó sì máa pẹ́. Tàbí ká tú u kalẹ̀, ká gbé kábúrétọ̀ salúùnù sí i. Mo ní mọ́tò á rìn, ṣùgbọ́n kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oníjẹ́kíṣàn yẹn, agbára ẹṣin rẹ̀ lé ní 100. Oníkábúrétọ̀ kò tó 100. Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ni wọ́n fi ohùn fèsì lórí WhatsApp, ohùn náà sì wà lọ́wọ́ mi títí di òní: "Ẹ fi kábúrétọ̀ sí i jàre, ṣé mo fẹ́ fi bá ẹnikẹ́ni sáré ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ní báyìí, wọ́n ní bọ́ọ̀sì akérò kan kọjá àwọn lórí òkè lójú ọ̀nà Iléṣà, ojú sì ti àwọn níwájú àlejò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sáré.

Ti ẹ̀yìn tó ń ta, mi ò ní fa á gùn. Ṣọ́ọ̀kì tuntun tí mo fẹ́ fi sí i, wọ́n ní ó wọ́n. Wọ́n lọ ra tiwọn, wọ́n kó ti sítéṣọ̀n wágọ́nù dé. Wágọ́nù, irin kan náà ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ti kúpè, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá gbé ara rẹ̀. Mo ní mi ò ní dè é. Wọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n mú tòkunbọ̀ kan dé tí òróró ti ń jò lára rẹ̀ kó tó kúrò nínú ọ̀rá. Mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ká ṣì fi rọ́lẹ̀. Ẹ yí ìwé owó yín sẹ́yìn, ẹ á rí i: "Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, oníbàárà ló mú un wá." Àmì ọwọ́ yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

A tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ fún wa díẹ̀ sí i, ká gbé e dé ọ̀nà jíjìn, ká rí bó ṣe ń ṣe tó bá gbóná dáadáa. Wọ́n ní ọdún Ọ̀ṣun ti dé, àlejò ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, àwọn gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Wọ́n gbé e jáde lóòótọ́. Fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú rẹ̀ nítòsí igbó Ọ̀ṣun wà lórí Facebook wọn, aṣọ àti mọ́tò bá ara wọn mu. Ẹ lọ wò ó, kí ẹ fi ojú ara yín ṣèdájọ́ bóyá mọ́tò tí wọ́n bà jẹ́ nìyẹn. Wọ́n kò kọ orúkọ gárèjì sábẹ́ fọ́tò yẹn o.

Ẹ̀yin tó bá ń wù láti ra irú rẹ̀, bóyá kúpè ni tàbí Mercedes àtijọ́ aláìlórùlé, ẹ má bẹ̀rù, mọ́tò gidi ni wọ́n. Ẹ ṣáà pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó wo bọ́dì kó tó wo ẹ́ńjìnnì, torí ẹ́ńjìnnì 504, ọmọ ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n bọ́dì kúpè, kò sí ẹni tó ń tà á nítòsí. Ẹ wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ibi tí jáàkì ń gbà gbé e. Kí ẹ sì bèèrè pé páàtì wo ló ṣẹ́kù tí kò sí lára rẹ̀, torí nǹkan kékeré tí ó já bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ òun ni yóò gbówó jù. Bí ẹ bá gbé e wá sọ́dọ̀ wa kí ẹ tó rà á, a kì í gba owó àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mọ́tò padà wá. Màá tún kábúrétọ̀ yẹn tò lọ́fẹ̀ẹ́. Màá yọ ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ yẹn, màá sì fi tuntun sí i, owó iṣẹ́ ò sí níbẹ̀, ẹ san owó ṣọ́ọ̀kì nìkan. Kugelfischer yín, inú páálí la dì í sí kí a tó kó o fún yín lọ́jọ́ tí ẹ gbé mọ́tò lọ; ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣetán láti fi ránṣẹ́ sí Jámánì, bó bá ti padà dé, àwa la máa dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, a ò ní gba nǹkan kan. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, kó má di ọ̀rọ̀ ẹnu.

A máa ń ṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀, a kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Owó tó kù lórí rọ́bà gíláàsì, ẹ lè mú un dání. Kí ẹ sì jọ̀ọ́ rọ epo sínú mọ́tò kí ẹ tó máa bọ̀. Gbogbo èyí tí àwọn ọmọ fi dán an wò lóṣù Keje, àpò mi ló ti jáde.