Ta ló sọ pé ìwé orí tablet dínwó ju ìwé bébà lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí fúnra wa. Tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ ìwé àwọn ọmọ iléèwé ìjọba sílẹ̀ báyìí, ẹnì kan ò ní í ṣàì yọjú pé kí ni wọ́n tún ń tẹ ìwé fún láyé tá a wà yìí, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sórí tablet jàre, owó ìtẹ̀wé á sì kù sápò ìjọba. Ó dùn ún gbọ́. Èmi náà ò jiyàn pé bébà wọ́n, ẹni tó bá ti bèèrè owó ìtẹ̀wé ní Ṣómólú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Àmọ́ ìṣirò yẹn ò pé rárá.

Ẹ mú ti Ọ̀ṣun. Lọ́dún 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà, wọ́n gbé tablet kan tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, 150,000 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ pín. Ìwé 56 ló wà nínú ẹ̀, sọ́bújẹ́ẹ̀tì 17, pẹ̀lú past question WAEC àti JAMB. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ẹ jẹ́ ká fún wọn níyẹn. Ohun tí wọ́n wá ń pariwo nígbà náà ni pé tó bá jẹ́ ìwé bébà làwọn rà, bílíọ̀nù 8.4 náírà ni ì bá gbé lọ. Ẹ bá mi gbé fóònù yín, ẹ pín in. 56,000 náírà lórí ọmọ kan nìyẹn, àfi bí ẹni fẹ́ ra ìwé 56 ní 1,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ ta ló ń ka ìwé 56? Ọmọ sáyẹ́ǹsì ò ní í ra ìwé gọ́fánmẹ́ǹtì, ọmọ kọmáṣà ò ní nǹkan án fi fisíìsì ṣe, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án náà sì lọmọ lè ṣe mọ ní WAEC. Kódà ká fi ìwé méjì méjì sí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ní 1,000 náírà kan náà fún gbogbo ọmọ 150,000 yẹn, bílíọ̀nù 2.7 náírà ni gbogbo ẹ̀.

A ò sì tíì ka ti àbúrò o. Ìwé màtí tí ẹ̀gbọ́n fi kálẹ́ńdà àtijọ́ dì lẹ́yìn, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ẹ̀, àbúrò á lò ó, ọmọ àǹtí tó wà lójúlé kejì náà á tún wá yá a. Ta ló lè fún àbúrò ní tablet ọlọ́dún mẹ́rin tí bátìrì ẹ̀ ò lè gbé wákàtí kan, tí gíláàsì ojú ẹ̀ ti fọ́?

Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ pé Nàìjíríà ló fà á. Ọdún 2013 yẹn náà làwọn iléèwé ìjọba Los Angeles ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pín iPad, ètò tí owó ẹ̀ tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là tẹ́ ẹ bá ro ti Wi-Fi mọ́ ọn. Dọ́là 678 ni wọ́n ra ọ̀kan, ó ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ, torí ẹ̀kọ́ tí kọ́ńpìnnì Pearson ṣe wà lára owó yẹn. Láísẹ́ǹsì ẹ̀kọ́ ọ̀hún ńkọ́? Ọdún mẹ́ta péré! Tó bá pé, ẹ tún sanwó míì tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ máa lò ó. Ibi tí wọn kì í sọ fáwọn òbí nìyí: ìwé bébà, tẹ́ ẹ bá ti rà á ó ti di tiyín, ti orí ẹ̀rọ, ẹ kàn háyà ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ iléèwé Roosevelt, ọ̀kan lára àwọn iléèwé náà, ò tiẹ̀ jẹ́ kó pẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti já títì tí wọ́n tì í, wọ́n ti bọ́ sórí Facebook (mi ò dá wọn lẹ́bi, ọmọdé ni wọ́n). Àwọn aláṣẹ iléèwé tún wá rí i pé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà máa gba kíbọọ̀dù, owó míì tún nìyẹn. Kí ọdún 2014 tó parí, wọ́n ti dá kọntiráàtì náà dúró, ọ̀gá wọn John Deasy sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Mi ò tíì mẹ́nu ba iná rárá, torí ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ní Sweden tí iná kì í lọ, lọ́dún 2023 ìjọba wọn gbé mílíọ̀nù 685 króná kalẹ̀ kí iléèwé lè padà ra ìwé bébà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 náà kó iṣẹ́ ìwádìí 54 pọ̀, wọ́n rí i pé ìwé ẹ̀kọ́ máa ń yé èèyàn dáadáa sí i lórí bébà ju ojú ẹ̀rọ lọ, pàápàá tí àsìkò bá ń lé e.

Past question nìkan ni mo lè gbà fún tablet, torí ìyẹn kì í ṣe ohun tọ́mọ ń gbé lọ sílé lójoojúmọ́, ẹ̀rọ á sì bá a máàkì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí ìjọba bá ra tablet ogún sí láíbìrì iléèwé kọ̀ọ̀kan, tó ní sólà tó ń ṣájì wọn, mi ò ní í bá wọn jà.